Ìlẹ̀kùn Tí Mo Tì Mọ́ Ìfẹ́

Iṣẹ́ mi ni láti pinnu ohun tí ọmọdé máa rí lójú fóònù: àwòrán wo ló máa wà níbẹ̀, ibo ni ìka kékeré máa tẹ̀, kí ni ohùn inú rẹ̀ máa sọ. Ẹlòmíràn ló ń kọ kóòdù tó ń mú un ṣiṣẹ́. Bí mo bá ṣàlàyé báyìí fún màmá mi, wọ́n á ní, “Gbogbo ìwé tó o kà yẹn, fóònù lo wá ń kùn lọ́dà.” Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Òkè-Fìà, l’Óṣogbo, lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta táyà. Ọ̀pọ̀ ohun ni mo ṣe níbẹ̀ tí inú mi dùn sí. Ọ̀kan wà tí mi ò lè rántí kí ara mi má bù máṣọ.

Àgbàlá la pe ètò tí a ṣe fún àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta sí mẹ́fà. Òbí á gbé e sórí fóònù rẹ̀, ọmọ á wọnú rẹ̀, á gbọ́ àlọ́, á ka ení, èjì, á kọ́ orúkọ ẹranko. A kì í jókòó sí ọ́fíìsì ká máa fọkàn rò ó lásán. A máa ń gbé e lọ sí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, a ó fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́, a ó dákẹ́, a ó sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń rẹ onígbèéraga sílẹ̀ ni. Mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ya màlúù, ọmọ àkọ́kọ́ tó rí i pariwo pé, “Ajá!” Ìkejì rẹ̀ ò tiẹ̀ tẹ ohunkóhun. Ahọ́n ló fi lá ọsàn tí mo yà.

Èmi náà ni mo ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, torí pé owó tí a ó fi gba sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò sí. Àwọn ìyá kan ní Iléṣà ṣàròyé pé ohùn mi ti Òṣogbo jù, pé “ulé” ló yẹ kí n máa wí, kì í ṣe “ilé”. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn fẹ́ràn ohùn náà.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ jù kò mọ nǹkan kan nípa fóònù. Màmá Olùkọ́ la ń pè wọ́n, ọmọ Òṣú ni wọ́n. Ọmọ kékeré ni wọ́n kọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kí ọ̀gá wa, Bọ̀dá Délé, tó gbà wọ́n pé kí wọ́n máa gbà wá nímọ̀ràn. Wọ́n á ní, “Bọ́lá, má bi ọmọ bóyá ó dùn mọ́ ọn. Gbogbo ọmọ ló máa ní ‘bẹ́ẹ̀ ni, mà’. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kó o wò. Bó bá ń mì ín, ó ń gbádùn ẹ̀.” Mi ò rí ìwé tó kọ́ mi ní ohun tó dára tó ìyẹn.

Kò pẹ́ tí Àgbàlá jáde ni àròyé òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọmọ á tẹ ibi tí kò yẹ, á bọ́ sóde, á dé ibi ìpè. Bàbá kan wá bá wa láti Ọ̀fàtẹ̀dó, ó ń làágùn.

“Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi ti pe ọ̀gá mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí.”

“Kí ló sọ fún wọn, sà?”

“Kò sọ nǹkan kan. Orin ló ń kọ!”

A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Délé ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Bí mo ṣe ṣe ìlẹ̀kùn nìyẹn. Bí ọmọ bá ti wọ Àgbàlá, ìlẹ̀kùn á tì. Kò ní lè pe ẹnikẹ́ni, kò ní lè dé ibòmíràn lórí fóònù, àfi kí òbí tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Bí ọmọ bá tilẹ̀ pa fóònù tó tún un tàn, inú Àgbàlá náà ló máa bá ara rẹ̀. Bó bá tẹ ibi tí ìlẹ̀kùn tì, ohùn mi á fi ọ̀yàyà sọ pé, “Ó kù díẹ̀! Gbìyànjú sí i!” Mo rò pé ìyẹn sàn ju kí n ní “rárá” fún ọmọdé.

Màmá Olùkọ́ gbé e yẹ̀ wò, wọ́n yí fóònù síwá sẹ́yìn.

“Bọ́lá, bí ọmọ bá fẹ́ pe ìyá ẹ̀ ńkọ́?”

“Ìyá ẹ̀ ló gbé e fún un, mà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ náà ló máa wà.”

“Ṣé gbogbo ìyá ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ?”

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kí àwòrán ẹnì kan wà tí ọmọ lè tẹ̀ láti fi pe àgbàlagbà. Kò lè gbà ju ọjọ́ méjì lọ. Ṣùgbọ́n a ti fi ọjọ́ sí i tí a ó gbé ìlẹ̀kùn jáde, mo sì ní a ó fi ìyẹn sí ẹ̀dà tó ń bọ̀. Ẹ̀dà tó ń bọ̀ dé, orin tuntun làwọn òbí ń béèrè. Òmíràn dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ ìṣirò. Kò sí òbí kankan tó ráhùn pé ọmọ òun kò rí ọ̀nà jáde. Àwọn tó lè ráhùn kò tíì ju ọlọ́dún mẹ́fà lọ. Màmá Olùkọ́ tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà wọn ò bi mí mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Thursday kan, obìnrin kan gun àtẹ̀gùn wa wá. A ní kó jókòó, kò jókòó. Ó gbé fóònù kan kalẹ̀ sórí tábìlì mi.

“Ta ló ṣe èyí nínú yín?”

“Èmi ni, mà.”

Olùkọ́ ni ní ilé ìwé gíga kan l’Óṣogbo. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, tó ń ta aṣọ, ni Ìfẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti ń lo ọlidé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, orí ń fọ́ ìyá àgbà yìí, kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi fóònù rẹ̀ rẹ ọmọ lẹ́kún, ó ní kí òun rọra dìde mu omi, ó sì ṣubú lulẹ̀.

“Ìfẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pè mí,” obìnrin náà wí. “Mo ti kọ́ ọ. Tẹ àwọ̀ ewé, tẹ ojú mi. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ní kó gbìyànjú sí i.”

Ó ní ọ̀sán ti pọ́n kí ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó yà wá wò ó. Ìyá kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, dókítà sì ní bí wọ́n bá ti tètè gbé e dé ni, ìbá má rí bẹ́ẹ̀. Ó mú fóònù náà, ó lọ.

Ètò wa máa ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá tẹ̀, kí a lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn. Mo ṣí ti ọjọ́ yẹn. Igun kan náà nísàlẹ̀, níbi tí àmì ìpè máa ń wà kí n tó tì í, ibẹ̀ ni ìka ọmọ náà ń bọ́ sí láti òwúrọ̀ títí dé ọ̀sán. Mo wá rántí ìpàdé ọ̀sẹ̀ náà. A máa ń ka orúkọ ọmọ tó pẹ́ jù nínú Àgbàlá sókè, torí ìyẹn ni a fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ wa dára. “Ìfẹ́, Iléṣà” ni Bọ̀dá Délé kà. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Bọ̀dá Délé ní òfin kò dá wa lẹ́bi, pé òbí ló tẹ “mo gbà” sí àdéhùn wa. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo jókòó ti ẹni tó ń kọ kóòdù wa, a sì fi àwòrán ìpè sí i. Kò tiẹ̀ tó ọjọ́ méjì. Mo lọ sọ fún Màmá Olùkọ́ nílé wọn ní Òṣú. Wọ́n ní, “Ǹ bá ti bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.” Ó dùn mí ju èébú lọ, pé àwọn náà ń dá ara wọn lẹ́bi.

Mo bẹ ìyá Ìfẹ́ títí ó fi gbà kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Iléṣà. Lórí àga lẹ́bàá fèrèsé ni mo bá ìyá àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tí mo ṣe. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kékeré kan tó ń ṣeré lórí ẹní dìde fùú, ó sì sá wọ yàrá.

“Ohùn rẹ ló gbọ́,” ìyá àgbà wí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀. “Dìde, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo bì mí ṣubú. Àgbà ti dé sí mi lára. Ọ̀rọ̀ tọmọ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ó ní òun ò gbìyànjú tó.”

Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìfẹ́ wà lẹ́yìn àpótí aṣọ, orí rẹ̀ nìkan ni mo rí.

“Ìfẹ́, ibi tó yẹ kó o tẹ̀ náà lo tẹ̀. O ò ṣe nǹkan kan tí kò dáa. Èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn.”

Ó yọ orí jáde díẹ̀ sí i.

“Ẹ mọ̀ pé ẹ ti tì í?”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ wá ní kí n gbìyànjú sí i?”

Mo ní, “Mi ò rò ó dáadáa. Jọ̀ọ́, má bínú.” Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ àgbà pè é láti pálọ̀ pé kó wá bá òun gbé ẹsẹ̀ òun sórí àpótí. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìfara kàn mí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ náà bí ẹni gbé ẹyin.