Aṣọ Pupa Tó Wà Lára Wáyà Mi

Wọ́n de ọwọ́ mi sẹ́yìn bí olè lọ́sàn-án gangan, ọkùnrin tó mọ̀ dájú pé mi ò ṣẹ̀ sì jókòó níbẹ̀, kò sì sọ ohun tó mọ̀.

Kí ẹ má baà sọ pé ariwo lásán ni mò ń pa, ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ìlú kékeré kan láàárín Ìjerò àti Àrámọkọ. Mo lọ sí yunifásítì, mo gboyè, mo padà wálé. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fi ìgbà ọwọ́-dilẹ̀ mi ṣe ni rédíò. Kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn o. Èyí tí àwa tí a ń fi rédíò ṣe fàájì, tí a kò gbowó, fi ń ránṣẹ́ síra wa láti ìlú dé ìlú ni. Ìjọba fún mi láṣẹ rẹ̀, àṣẹ náà ò sì tíì kú.

Nígbà tó yá, ọkàn mi fà sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ìpele ìgbì rédíò, níbi tí ìgbì ti gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyọ kan lè ju kìlómítà méjì lọ. Òkè kì í dí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé rédíò tirẹ̀ lọ sí Ìkógòsí, pẹ̀lú gbogbo òkè Ẹ̀fọ̀n tó wà lágbègbè yẹn, ó sì gbọ́ mi ketekete. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn kò ṣeé rán níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ lẹ́tà di ìró tín-ín-rín, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lọ́ra débi pé o lè bó iṣu ọ̀sán tán kí àmì ìdánimọ̀ rẹ, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ìjọba fún ọ bí orúkọ lórí rédíò, tó lọ tán. Wàá kàn jókòó, wàá máa retí pé ẹnì kan níbi jíjìn gbọ́ ọ.

Ìgbì gígùn ń fẹ́ wáyà gígùn, wáyà gígùn sì ń fẹ́ ibi gíga. Bàbá àgbẹ̀ kan, mùsùlùmí, tí oko kòkó rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àpáta lẹ́yìn ìlú, ló fún mi láyè. Mo ta wáyà láti orí àpáta dé orí igi àràbà. Mo wé wáyà míràn mọ́ ike ọ̀dà ńlá kan ní ìpele-ìpele, nítorí láìsí èyí ìgbì náà kò ní gbà láti jáde. Mo tún ri wáyà mọ́lẹ̀ káàkiri abẹ́ ewé kòkó. Bàbá dúró tì mí.

"Ṣé kò ní pa kòkó mi?"

"Rárá, Bàbá. Agbára rẹ̀ kò ju ti gílóòbù lọ."

"Ṣé á bá mi lé ọ̀bọ?"

"Kò lè lé ọ̀bọ, Bàbá."

"Háà! Uṣẹ́ wo ló wá fẹ́ ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó wá ní, "Ọmọ mi, so aṣọ pupa mọ́ ọn. Bí o bá ti so aṣọ pupa, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kàn án."

Mo rò pé nítorí kí ojú ènìyàn lè rí wáyà ni, kó má lọ gé ẹni tó bá ru ẹrù kọjá lọ́rùn. Mo fa jẹ́sì ilé pupa tí a fi ń sáré ìje nílé ìwé ya, mo so ó káàkiri.

Nítorí mo mọ irú àkókò tí a wà, tí kì í dá ẹni tó lọ sóko lójú pé òun á bọ̀, mo lọ bá alága ìgbìmọ̀ ààbò ìlú nílé rẹ̀. Mi ò rán ẹnikẹ́ni sí i, èmi fúnra mi ni mo lọ. Mo tún mú un lọ sẹ́sẹ̀ àpáta, lójú Bàbá àgbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ike ọ̀dà náà, ó ní, "Tíṣà, ìwé ti pọ̀ jù lórí yín." A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní kò séwu, òun á sọ fún àwọn ọmọ òun tó ń ṣọ́ ìlú. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ẹ̀yin ará ìgboro lè má mọ̀: lọ́dọ̀ wa, aṣọ pupa tí a so mọ́ nǹkan nínú oko, àalè ni. Ó ń sọ pé nǹkan yìí ní ẹni tó ni ín, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tójú rẹ̀ bá rí kó fara mọ́ ọn. Àalè ni Bàbá ní lọ́kàn. Wáyà mi sì gba orí ọ̀nà oko kọjá. Làwọn èèyàn bá gbà pé ọ̀nà ni wọ́n pàalè lé. Àwọn obìnrin tó ń re odò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn àpáta lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, wọ́n ń kí mi lọ́nà ọjà, "Àǹtí Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o," kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ìgbà tí ẹnì kan wá rí mi lórí àpáta pẹ̀lú íápíìsì létí àti kọ̀ǹpútà lórí itan, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti yé àwọn: àwọn ajínigbé ló ń sàmì sí ilẹ̀, tíṣà sì ni ojú wọn nílùú.

Ọjọ́ Sátidé ni. Ìgbì yìí máa ń rin jìnnà jù lálẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gun àpáta lálẹ́ láyé ìsinsìnyí? Ojúmọmọ ni mo máa ń lọ. Ìró tín-ín-rín kan ń bọ̀ létí mi, mo dijú kí n lè gbọ́ ọ dáadáa, mi ò sì gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ alága tó ń ṣọ́ ìlú. Ẹnu ìbọn ló kàn mí léjìká.

"Mọ́mì, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ ni."

"Ẹ̀ ń gbọ́ ta?"

Àsìkò yẹn gan-an ni lẹ́tà àti nọ́ńbà yọ lójú kọ̀ǹpútà: àmì ìdánimọ̀ ẹni tó ń ránṣẹ́ láti òkèèrè. Ohun tí mo ti ń retí láti òwúrọ̀ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn pariwo.

"Ẹ wá wò ó! Nọ́ńbà mọ́tò rèé! Mọ́tò tí wọ́n fẹ́ dá lọ́nà nìyẹn!"

"Kì í ṣe nọ́ńbà mọ́tò. Orúkọ ẹni tó ń ránṣẹ́ ni."

"Orúkọ? Ta ló ń jẹ́ orúkọ tó ní nọ́ńbà nínú? Bàbá tiyín ń jẹ́ Mẹ́ta ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá ti pè ní ajínigbé. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, táyà ni àti epo. Mo fẹ́ ṣàlàyé. Físíìsì tí mo fi ń kọ́ ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ kan kò jáde níbẹ̀. Wọ́n já wáyà mi, wáyà náà ni wọ́n fi dè mí.

Wọ́n tì mí wọ ìlú. Mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi.

"Ṣebí tíṣà àwọn ọmọ wa nìyẹn?"

"Òun náà ni. Ẹ rí i bó ṣe máa ń rọra rìn? Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ní gbọ̀ngàn ìlú, alága jókòó sórí àga rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo rí i. Èyí ni mi ò lè gbàgbé, pé ọkàn mi balẹ̀.

"Alága," mo ní, "ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Ẹ ti fọwọ́ kan ike yẹn."

Ó wo ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò wò mí. Ó ní, "Tíṣà, èèyàn púpọ̀ ló ń wá sọ́dọ̀ mi."

Mo rí i pé ẹ̀rù àwọn ènìyàn náà ń ba òun alára. Mi ò gbà á ní àwíjàre. Ẹ̀yìn mi ni ẹnì kan ti ń béèrè kẹ́ẹ̀gì epo. Mo tọ̀ sára. Mo kọ ọ́ síbí nítorí ó wà lára ohun tí wọ́n ṣe sí mi.

Ìjurìn ni Bàbá àgbẹ̀ wà nígbà tí wọ́n pè é lórí fóònù pé wọ́n ti mú ẹni tó pàalè sí oko rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà dé. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó já wọ àárín wọn, ó dúró níwájú mi.

"Ulẹ̀ mi ni! Èmi ni mo ní kó so aṣọ pupa! Ṣé èmi náà lẹ fẹ́ sun?" Ó wá kọjú sí alága. "Ìwọ náà dé ibẹ̀. Ojú mi báyìí ni mo fi rí ọ. Ṣé ìwọ náà ló ń jí èèyàn gbé ni?"

Alága ń wo ilẹ̀. Wọ́n tú mi sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, "Màdáàmù, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni." Wọ́n ní ẹ̀rọ mi ṣì máa wà lọ́wọ́ àwọn fún ìwádìí. Kò sí ìwádìí kankan. Wáyà bàbà mi ni wọ́n fi ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé ọ̀kan nínú wọn. Mo ń rí i tí mo bá ń lọ sílé ìwé.

Ọwọ́ mi ti san. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi íápíìsì setí mọ́, nítorí ẹni tó bá fi í setí kò ní gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀kadà bá dúró níwájú ilé mi, mo máa ń di ògiri mú. Nínú kíláàsì, bí ọmọ kan bá rẹ́rìn-ín, ṣọ́ọ̀kì á bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà mo ń béèrè. Alága, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún àwọn ọmọ yín ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí? Nígbà tí wọ́n ń béèrè epo, kí ni ẹ ń retí? Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ààbò, ta ló ní kí ẹ máa dájọ́ ikú fún ẹni tí ẹ kò tíì bi léèrè? Níbo ni kọ̀ǹpútà mi wà, níbo ni rédíò mi wà, ta ló sì pín wọn? Mi ò fẹ́ kí ẹ wá bẹ̀ mí nílé. Inú gbọ̀ngàn kan náà ni kí ẹ ti dá mi lóhùn, lójú àwọn èèyàn kan náà, kí ẹ sì wò mí lójú bí ẹ bá ń sọ ọ́.