Òwú Abẹ́ Páànù

Ọdún kọkànlélógójì rèé tí ọkùnrin tí a ń pè ní Kòtẹ̀ ti ń rán tìmùtìmù. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Igi ló fi ń ki òwú, títí aṣọ yóò fi le bí ikùn ẹni tó yó. Èèyàn wúwo sùn lé e lọ́dún mẹ́wàá, kò tẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń fọ aṣọ fún ará àdúgbò títí ọrùn ọwọ́ fi ń dùn ún. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ra igba òròmọdìẹ. Èmi káfíńtà ni mo kan ilé fún wọn: ẹsẹ̀ bàtà méjìlá níbùú, ogún lóòró, páànù lórí, kò sí àjà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí wọ́n débẹ̀, oòrùn ọ̀sán pa mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ó pa mẹ́sàn-án.

Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, bí ó bá ń lọ báyìí, ìdí ọpọ́n aṣọ ni mò ń padà sí yẹn.”

“Ta ló ń padà? Òwú wà nílé.”

Òwú tó tú kúrò nínú tìmùtìmù àlòkù kún yàrá kan. Kòtẹ̀ ní òun yóò kì í sínú àpò ìrẹsì, kí a tò ó sábẹ́ páànù láti dí ooru. Mo kan ọ̀pá igi sábẹ́ páànù, a gbé àpò lé e. Ọgbọ̀n àpò ni. Kòtẹ̀ ki mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìyàwó rẹ̀ ki mẹ́rin.

“Ìyá wọn, àpò rẹ yìí dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó.”

“Tiyín náà ńkọ́, bàbá wọn? Ọwọ́ mi ti bó. Ẹ gbé e síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Kòtẹ̀ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ páànù, níbi tí ojú kò ti ní tètè rí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, márùn-ún tún kú. Nígbà tí a wọlé, gbogbo òròmọdìẹ tó kù ti sá jọ sí kọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n ń gun ara wọn.

“Àìsàn wo tún nìyí?” ni àbúrò wí.

Mo gun àkàbà, mo na ọwọ́ sókè. Àpò Kòtẹ̀ rí roboto bí iṣu tí a tò. Ìka mẹ́ta wọ àlàfo tó wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni ooru ń gbà wọlé. Ti ìyàwó rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, etí kan etí. Mo fọwọ́ kan abẹ́ méjèèjì. Ti Kòtẹ̀ gbóná. Ti ìyàwó rẹ̀ kò gbóná. Mo sọ ohun tí mo rí.



“Abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó ni wọ́n sá sí,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Ẹ sọ àpò tèmi kalẹ̀ fún mi,” ni Kòtẹ̀ wí.

Ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n. Ó yọ ìdá kan nínú mẹ́ta òwú kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka tú èyí tó kù kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, kí ó máa dí ooru. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí a ti ń ki nǹkan jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ náà mú. Òwú tó yọ kún àpò mẹ́tàlá mìíràn, a fi dí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà tí a tò wọ́n padà tán, a kò rí páànù mọ́ láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn mú ju ti àná lọ. Òròmọdìẹ fọ́n káàkiri ilẹ̀, oníkálùkù dùbúlẹ̀ síbi tó wù ú. Àbúrò kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: méjìléláàádọ́sàn-án. Kò sí èyí tó kú.

“Bọ̀ọ̀dá mi, mo fẹ́ ra igba sí i.”

“Ra ọ̀ọ́dúnrún. Ìyá wọn ni yóò ki àpò.”