Wáyà tó Kọjá Fèrèsé Ìyá Aláṣọ

Òórùn méjì ló gba inú ilé tí mo ń gbé ní Ìwó nígbà yẹn: ti òjé tó ń yọ́, àti ti aṣọ aró tí kò tíì gbẹ. Òjé tí mo fi ń lẹ wáyà ẹ̀rọ pọ̀ ń ti yàrá mi wá. Aṣọ aró jẹ́ ti ìyàwó onílé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aláṣọ nítorí òwò tí wọ́n ń ṣe lọ́jà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì nílé-ẹ̀kọ́ míṣọ̀n kan, ọkọ wọn, díákónì tí kì í pariwo, ló sì fún mi ní yàrá.

Mo fọwọ́ ara mi to ẹ̀rọ kékeré kan tí mo fi ń bá ọ̀rẹ́ mi, olùkọ́ kan ní Kàdúná, sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ìwé àṣẹ ìjọba wà lọ́wọ́ mi. Bátìrì mọ́tò ló ń gbé e ṣiṣẹ́, agbára rẹ̀ kò sì tó èyí tó lè tan gílóòbù kan nínú pálọ̀. Mo fa wáyà bàbà tí kò ní ìbòrí, èyí tó ń gbé ohùn lọ sórí afẹ́fẹ́, láti ara rẹ̀ gba ojú fèrèsé mi, ó rìn mọ́ ara ògiri kọjá fèrèsé Ìyá Aláṣọ, mo sì so ìpẹ̀kun rẹ̀ mọ́ igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé. Ibi tí ọwọ́ mi tó ni mo so ó mọ́. Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n lọ yá àkàbà.

Ìyá Aláṣọ lóyún oṣù márùn-ún nígbà náà. Méjì ti bàjẹ́ lára wọn ṣáájú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Tíṣà, ohun tó ń gba inú wáyà yìí jáde, ṣé kò lè ṣe mí ní nǹkan?"

"Ẹ má da ara yín láàmú, Ìyá. Ẹ̀rọ kékeré ni."

Mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n bi mí bóyá ó lè pa wọ́n lára, èmi sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó mọ̀wé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe lẹ́yìnkùlé. Ìyá Aláṣọ ń sá aṣọ, wọ́n sì nawọ́ kan ìpẹ̀kun wáyà náà. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, aṣọ ti bọ́ sínú ẹrẹ̀, wọ́n di ìka kan mú mọ́ àyà. Ojú ibi tó jó kò ju hóró àgbàdo lọ, ó funfun, kò sì ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ òórùn awọ tó jó. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ẹrẹ̀ yẹn. Wọn ò wò mí.

Díákónì jáde, ó wo ìka, ó wo wáyà. "Tíṣà, o ní kò lè ṣe nǹkan." Nọ́ọ̀sì míṣọ̀n fi oògùn sí ìka, ó gbọ́ ọkàn ọmọ nínú, ó ní ara ọmọ le. Síbẹ̀ Ìyá Aláṣọ ti ń di ẹrù, wọ́n ní àwọn máa lọ bímọ lọ́dọ̀ àwọn ará àwọn ní Kuta.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi nǹkan hàn wọ́n. Mo ní gílóòbù kékeré kan, irú tí iná rẹ̀ máa ń pọ́n tí wọ́n bá gbé e sún mọ́ irú wáyà bẹ́ẹ̀ láìkàn án. Mo so ó mọ́ orí igi gígùn gbígbẹ, mo tan ẹ̀rọ, mo sì fún wọn ní igi náà. Lẹ́bàá igi ọsàn, ó pọ́n dáadáa. Wọ́n sún sẹ́yìn, ó ń kú lọ. Wọ́n tún sún díẹ̀, ó kú pátápátá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"Ibi tí mò ń sùn ńkọ́?"

Mi ò tíì ronú kàn án rí. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé gílóòbù náà sí ojú fèrèsé, níbi tí orí ibùsùn wọn wà. Ó pọ́n. Ó ṣe bàìbàì, àmọ́ àwa mẹ́ta la rí i, Díákónì náà ti tẹ̀lé wa wọlé.

"Ṣé ó lè pa ọmọ lára?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, Ìyá. Agbára rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ kò tó kí n fi búra fún yín."

Wọ́n na igi náà sí mi. "O ṣeun tí o sọ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo pa ẹ̀rọ náà, mo sì ká wáyà kúrò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn náà tú ẹrù wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbà kí n ri òpó méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ oko ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó wáyà, mo sì ṣe ọgbà yí ìsàlẹ̀ wọn ká. Ìyá Aláṣọ bí obìnrin, ara rẹ̀ pé. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà fi hàn mí pé wáyà yẹn kò ní ṣe ọmọ náà ní nǹkan kan. Ìyẹn kò dá mi láre. Òtítọ́ ni pé ẹ̀rọ náà kéré, síbẹ̀ ó jó ènìyàn, torí mi ò ro ibi tí wáyà gbà àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè kàn án.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí ẹnìkan bá wá bi mí pé ṣé kò léwu, mo máa ń dìde, kí n ní kó mú mi lọ síbi tó máa ń jókòó sí.