Aṣọ Pẹpẹ Baba Wọn

Inú ṣì ń bí mi títí dòní, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n gbàgbé. Oyún mi wà lóṣù mẹ́ta nígbà tí bàbá ọmọ ná pápá bora. Ìyẹn ò dùn mí tó ohun tí wòlíì ìjọ wa ṣe lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Màmá mi ni Ìyá Ìjọ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fọ aṣọ pẹpẹ wọn lẹ́yìnkùlé wa l'Ábúlé Òkúta, tó ń fi búlúù ṣan án títí á fi funfun kinniwin. Síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan pẹpẹ yẹn, torí pé obìnrin ni.

Lọ́jọ́ kẹjọ, omi, iyọ̀ àti oyin ti wà lórí tábìlì. Wòlíì wọlé, ó wọ̀tún, ó wòsì.

"Ọkùnrin wo ló máa gbé ọmọ fún mi?"

"Èmi ni, sà," ni màmá mi wí.

"Rárá o, Ìyá Ìjọ. Baba ni Ọlọ́run ń jẹ́. Ọwọ́ bàbá la ti ń gba ọmọ fún Baba. Ẹ wá ọkùnrin kankan."

Ọkùnrin kankan! Ẹ gbọ́ nǹkan! Ó nawọ́ sí ẹni tó wá tún jẹnẹrétọ̀ onílé ṣe, tí ọ́ìlì kún ọwọ́ ẹ̀, tí kò rí ọmọ mi rí. Èmi tí mo rọbí odidi ọjọ́ méjì jókòó bí àlejò. Bí wòlíì bá sì lọ báyìí, ọmọ àlè ni wọ́n á máa pe ọmọ mi ládùúgbò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ ni mo wá ṣe," ni ọkùnrin náà wí. Ojú tì í ju wòlíì lọ.

Màmá mi ti gbé ọmọ. Ó tọwọ́ bọ omi. "Ọlọ́run mi, Ìyá tó lóyún ayé, tó rọbí gbogbo wa, gba ọmọ Rẹ."

"Ìyá Ìjọ! Ọ̀rọ̀ òdì lẹ̀ ń sọ yẹn!"

"Ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń pè mí ní ìyá," ni màmá mi dá a lóhùn. "Ṣé ẹ ti ń bú mi látọjọ́ yìí ni?"

Wòlíì gbé Bíbélì ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Màmá mi sọ ọmọ lórúkọ, oníjẹnẹrétọ̀ ló sì ṣe àmín tó ròkè jù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba oyè Ìyá Ìjọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó sunkún, n ò ní parọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹ wo àìnítìjú, wọ́n tún di aṣọ pẹpẹ ránṣẹ́ pé kó bá àwọn fọ̀ ọ́. Màmá mi ti ń pọnmi. Mo gba báfù lọ́wọ́ ẹ̀, mo da omi nù, mo sì gbé ẹrù aṣọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gun pẹpẹ wọn tòun ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀, mo da aṣọ Baba wọn síbẹ̀, tìdọ̀tí-tìdọ̀tí.