Iná Tí Ó Dá Nítorí Mi

Òórùn èso kajú tó ti rọ̀ sábẹ́ igi ni ó máa ń gbé mi padà sí oko mi lẹ́yìn ìlú Manigri. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn, ó dùn, ó sì kan díẹ̀, bí ọtí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ho. Ìgbà ọyẹ́ ni, ewé gbẹ débi pé bí aláǹgbá bá sáré kọjá, o ó rò pé ènìyàn ló ń bọ̀.

Ọkùnrin kan ni oko rẹ̀ bá tèmi pààlà. Lọ́dún tó ṣáájú, ó finá sun pápá rẹ̀ kó lè gbin iṣu, afẹ́fẹ́ sì gbé iná náà wọ inú kajú tí ọkọ mi olóògbé gbìn. Inú bí mi, mo pè é lẹ́jọ́. Adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n fún un, àmọ́ ó ní kó ṣì máa lọ sílé. Bí ó bá tún dá iná kankan sínú igbó kí ọdún mélòó kan tó pé, yóò wọ ẹ̀wọ̀n náà. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ sì ni. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, igi ni mò ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, èmi nìkan ni mò ń ṣa kajú nígbà tí mo gbọ́ tí iná ń ta pàrà, pàrà láti ìhà odò. A ò mọ ẹni tó dá a títí dòní. Mo já ewé tútù, mo ń fi lù ú. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà sáré bá mi.

"Ẹ kúrò níbẹ̀, ìyá," ó wí. "Ewé ò lè pa èyí."

Gbogbo àgbẹ̀ ibí ló mọ ohun tí à ń ṣe: a máa ń dá iná kékeré síwájú iná ńlá, kí kékeré jẹ koríko tán, kí ńlá dé bá ilẹ̀ òfìfo. Ó kó koríko gbígbẹ jọ, ó ṣáná. Ìṣáná ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó wò mí. Mi ò ní kó má ṣe é.

Iná méjèèjì pàdé, wọ́n kú, igi mi kan ò jó. A ṣì ń wúkọ́ nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó dé lórí alùpùpù. Èéfín ló pè wọ́n. Wọ́n bá ìdì koríko tó fi tan iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń rú èéfín.

Wọ́n mú un, mo sì tẹ̀lé wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá ní Bassila. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lójú ọ̀nà bí ẹni to iṣu sí aká. Ọ̀gá ọlọ́pàá fún mi ní àga, ó kí mi dáadáa.

"Ìyá, ṣé òun ló dá iná náà?"

"Òun ni, àmọ́ oko mi ló fi..."

"Ó ti tó, ìyá. Ẹ ṣeun."

Mo ní mo fẹ́ gba ẹjọ́ mi padà, pé èmi tí mo pè é ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní ẹjọ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi látọjọ́ tí adájọ́ ti sọ̀rọ̀, kò sì sí lọ́wọ́ òun náà. Níwájú adájọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi mí, ìdáhùn kan náà ni mo ní. Ẹyin ni ohùn, kò ṣeé kó. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ sẹ́wọ̀n, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi wo ebè iṣu mi." Mo sunkún bí ọmọdé. Kò sí ohun tí agbára mi ká.

Ó ti dé báyìí, kò sí òfin kankan lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà sóko, mo mú iṣu wá ká sun ún, mo na ìṣáná sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ ṣá a fúnra yín, ìyá."

Mo ṣá a. Títí dòní, èmi ni mò ń dáná iṣu wa, òun a sì kọjú sí ọ̀nà títí iná yóò fi kú. Mo ti rò ó títí. Òfin ò burú, adájọ́ ò purọ́, èmi náà ò purọ́. Síbẹ̀, gbogbo wa la pawọ́ pọ̀ gba iná lọ́wọ́ ẹni tó fi gba oko mi là.