Wọ́n ti skúù pa, mo gbé ọmọ lọ sí ọsibítù

Ẹni tó ní kí wọ́n ti skúù pa láàárọ̀ yìí, ṣé ó lọ́mọ nílé?

Aago méje kọjá díẹ̀, èmi àti Tọ́lá, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà, dé skúù ẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó. Àgádágodo ti wà lẹ́nu géètì.

"Mọ́mì Tọ́lá, ẹ ò rí mẹ́sééjì ni?" Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ló bi mí bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ní Kòrónà tún ti ń pọ̀."

Mo wo wọ́sáàpù àwọn òbí. Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, lábẹ́ àdúrà àárọ̀ àti "Àmín" rẹpẹtẹ. Aago méje géérégé ni wọ́n fi ránṣẹ́, èmi ti wà lọ́nà.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Aago mẹ́jọ ni mò ń wọṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa bá mi dúró tì í nílé. Bí mo ṣe mú un lọ sí ọsibítù nìyẹn. Mo fi í jókòó sídìí fèrèsé, mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nígbà tó yá, ó fa aṣọ mi.

"Mọ́mì, ṣé torí kí Kòrónà má baà mú wa ni wọ́n ṣe ti skúù pa?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wo àwọn tó ń wúkọ́ níwájú ẹ̀, ó wá rọra fa ìbòmú ẹ̀ sókè.

Ẹ̀yin òbí Ajah, ibo lẹ gbé tiyín sí lónìí?