Ìwé Ọba Lórí Ajẹ́lẹ̀

Ikọ́ ló pa ọkọ Tomasa Quenta. Ibi tí wọ́n ti ń wa fàdákà ní Potosí ló ti kó o wálé. Nítorí náà, nígbà tí Don Gaspar Cutipa, baálẹ̀ ìlú wọn, wá sọ pé ó ti kan Melchor láti lọ ṣiṣẹ́ túláàsì níbẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, Tomasa kò sunkún. Ó fi ọmọ pamọ́ sórí òkè láàárín àwọn darandaran tó ń da yámà, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní La Plata.

Àwọn adájọ́ fún un níwèé: kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú Melchor. Orúkọ Ọba tó ń jọba lé wọn lórí láti òkè òkun ni wọ́n fi kọ ọ́, èdìdì Ọba sì wà lára rẹ̀.

Ìta gbangba, lójú Don Gaspar, ni ajẹ́lẹ̀ tí Ọba fi ṣe olórí agbègbè wọn ti gba ìwé náà. Ọkùnrin tí kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni ṣí fìlà. Ó fẹnu ko èdìdì, ó gbé ìwé lé àtàrí.

"Mo gba àṣẹ Ọba, olúwa mi."

Tomasa kò dúró gbọ́ ìyókù. Ta ló ń gbé nǹkan lé orí tí á tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́? Ó sáré gun òkè.

"Melchor! Jáde wá! Wọ́n ti fi ọ́ sílẹ̀!"

"Ìyá mi, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ojú mi báyìí ló ṣe! Àbí yámà lo fẹ́ fi ṣaya níbí?"

Melchor rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń wẹ̀yìn ṣáá. Ẹnu ọ̀nà ìlú ni àwọn ọmọọṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ti dè é lókùn. Don Gaspar dúró tì wọ́n, kò wojú Tomasa.

"Bàbá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀! Ìṣojú yín ni ajẹ́lẹ̀ gbé ìwé lé orí!"

"O ti lọ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní òun gba àṣẹ, àmọ́ òun ò ní mú un ṣẹ. Òfin wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ó máa kọ̀wé sí Ọba, á sì máa retí èsì."

"Ẹ gbọ́, ẹ ò sì ránṣẹ́ sí mi?"

"Bí iye èèyàn tí wọ́n ní kí n kó wá ò bá pé, èmi ni wọ́n máa nà. Ajẹ́lẹ̀ náà ń bẹ̀rù aṣojú Ọba tó wà ní Lima."

"Ọba fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọba? Fàdákà lòun ń retí."

Bí wọ́n ṣe to ìjọba náà nìyẹn: olúkúlùkù ní ẹni tó ń bẹ̀rù lókè, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù Tomasa.

Ó wọlé, ó ká aṣọ òtútù, ó sì lọ dúró sẹ́yìn Melchor lórí ìlà àwọn tó ń lọ sí Potosí. Kò sẹ́ni tó lé e. Ìyá tó bá tẹ̀ lé ọmọ lọ ni yóò máa dáná fún un, ìjọba ò ní náwó oúnjẹ.